Má Pa Á Lójijì, Àbúrò Mi

Àbúrò mi, bí ìwọ náà bá ń bójú tó PostgreSQL, tí PgBouncer sì jẹ́ alárinà láàárín rẹ̀ àti áàpù àwọn oníbàárà rẹ, súnmọ́ mi. Àwọn ọgbọ́n tí mo ń dá níbí ní Koulouba, ní Ouagadougou, nìyí.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá o nílò láti pa nǹkan kan rárá. Bí ó bá jẹ́ iye ìsopọ̀ lo yí padà nínú fáìlì ètò PgBouncer, RELOAD ti tó. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé o fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ listen_port, kò sí àbùjá: o máa pa á.

Ààyò mi ni PAUSE, pàápàá nígbà tí PostgreSQL fúnra rẹ̀ bá fẹ́ sinmi. Gba ojú 6432 wọ inú pgbouncer, kí o tẹ PAUSE. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ á parí, ìbéèrè tuntun á dúró dè ọ́. Pa PostgreSQL, tún un tàn, tẹ RESUME, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Lójú oníbàárà, bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn falẹ̀ díẹ̀ ni. Ta ni ìyẹn ń yà lẹ́nu ládùúgbò wa!

Ṣùgbọ́n yára o. Bí o kò bá yí query_wait_timeout padà, ìṣẹ́jú-àáyá 120 péré ni ìbéèrè lè fi dúró kí PgBouncer tó já olúwarẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe CHECKPOINT ṣáájú PAUSE, kí PostgreSQL lè tètè kú. Yọjú sí pg_stat_activity pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ gígùn dání, jẹ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Wo pool_mode rẹ. Session ni wọ́n ń bá nínú rẹ̀ látilẹ̀, PAUSE a sì máa dúró títí oníbàárà á fi lọ. Áàpù tó wọlé láàárọ̀ ò lọ bọ̀rọ̀! Transaction ni tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá LISTEN rẹ́.

Ní ti PgBouncer gan-an, mọ ẹ̀dà tí o ní. Tẹ́lẹ̀, SIGTERM ń pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1.23, tó jáde ní 2024, ó ń dúró kí gbogbo oníbàárà lọ tán. Nítorí náà, fi so_reuseport sí 1, kí PgBouncer méjì jọ máa gbọ́ lójú kan náà, kí o wá máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago Ouagadougou bá UTC mu, nítorí náà lọ́ọ̀gì mi àti aago ògiri mi kì í jà. Èkó àti Cotonou fi wákàtí kan ṣáájú wa. Kọ aago méjèèjì sínú ìkìlọ̀ tí o bá fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà níbẹ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ: n kì í gbọ́kàn lé orí mi lóru. Mo ń kọ gbogbo àṣẹ sórí ìwé, mo sì ń fa ìlà sórí wọn bí mo ṣe ń tẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn RESUME, tẹ SHOW POOLS. Bí cl_waiting bá ti padà sí 0, pa kọ̀ǹpútà rẹ dé, ó di òwúrọ̀.