Kí A Tó Da Láìmù Sóko Ọ̀dùnkún Òyìnbó: Bí Mítà Aláìnígò Ṣe Ń Wọn Kíkan Ilẹ̀

Lórí òkè Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló kan. Kíkan yìí ń dáàbò bo irúgbìn kan, ó sì ń pa òmíràn lára. Àrùn èépá ara ọ̀dùnkún òyìnbó, tí Streptomyces scabies ń fà, kì í sábà rọ́wọ́ mú níbi tí pH ilẹ̀ kò bá ju 5.2 lọ. Bí àgbẹ̀ bá da láìmù tàbí eérú púpọ̀ sí i, tí pH fi gòkè, èépá lè bo ọ̀dùnkún, ọjà rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ti tòmátì yàtọ̀: Fusarium tó ń mú un rọ máa ń le sí i nínú ilẹ̀ tó kan, nítorí náà pH bíi 6.5 ló dára fún un. Ilẹ̀ tí pH rẹ̀ jẹ́ 5 fi ìlọ́po mẹ́wàá kan ju ti 6 lọ. Mítà tó bá ṣìnà pẹ̀lú nọ́ńbà kan péré lè mú kí àgbẹ̀ da láìmù síbi tí kò yẹ.

Mítà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ mọ̀ ní ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, ìgò yẹn kì í sì pẹ́ fọ́ lóko. Piet Bergveld, ará Netherlands, ló gbé irú tí kò nígò jáde ní 1970. Nínú tiransísítọ̀ lásán, irin pẹlẹbẹ kan wà lókè tó ń darí bí iná ṣe ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí tó ń dé e. Bergveld yọ irin náà kúrò, ó jẹ́ kí omi tí a fẹ́ wọn fara kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo sílíkọ̀n. Bí omi bá ṣe kan tó, bẹ́ẹ̀ ni ègé háídírójìn oníná inú rẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ awọ yẹn tó, iná tó ń kọjá á sì yí padà. Ìyàtọ̀ pH kan kò mú ju nǹkan bíi 59 mílífóòtì wá ní ìwọ̀n ooru 25°C. Ó kéré gan-an! Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá kejì fi wà lára mítà, èyí tí iná tirẹ̀ kì í yí padà, kí a lè fi ti àkọ́kọ́ wé e.

Mítà yìí ní àléébù tirẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń sún díẹ̀díẹ̀, oòrùn tó bá sì ràn sí ojú sílíkọ̀n lè yí i padà, nítorí náà abẹ́ ìbòòji ni kí a ti wọ̀n. Kí a kọ́kọ́ tì í bọ omi ìdánwò pH 7, lẹ́yìn náà 4, ní gbogbo òwúrọ̀ iṣẹ́. Gírámù 10 erùpẹ̀ gbígbẹ tí a jọ̀, mílílítà 25 omi dísítíìlì, kí a rò ó, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 30. Omi bátìrì tó ní ásíìdì kò ṣeé lò, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Àgbẹ̀ tó ń gbin ọ̀dùnkún àti tòmátì kò gbọdọ̀ po erùpẹ̀ ibi méjèèjì pọ̀.