Ẹ̀kọ́ tí Ó Yẹ kí Ọmọ Gbà kí Ó tó Fi Ilé Sílẹ̀

Àgbẹ̀ kì í fi igi kòkó kékeré sílẹ̀ fún oòrùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó fi ń ṣíji bò ó títí yóò fi lè dá dúró. Ṣùgbọ́n òbí mìíràn a máa rán ọmọ ọdún 14 lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, láìfún un ní ìmọ̀ràn kan ju “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe” lọ. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ọmọ aláìníbaba, àti èyí tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí àìsí owó, ni ẹlẹ́tàn kọ́kọ́ ń wò.

Ní ọdún 1993, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọgbọ́n mẹ́wàá tí ọ̀dọ́ fi ń gbé ayé ní àlàáfíà. Lára wọn ni mímọ ara ẹni, ṣíṣe ìpinnu, àti sísọ ọ̀rọ̀ yéni. Ní ọdún 2003, a fi irú ẹ̀kọ́ yìí sínú ètò ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sí ní ilé-ìwé mọ́ kì yóò bá a pàdé níbẹ̀. Ọwọ́ òbí àti ọ̀gá ni ó kù sí.

Èkínní: Kí ọmọ mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ẹlẹ́tàn. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í wí pé, “Má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́.” Kì í lu ni lónìí kí ó wá bẹ̀bẹ̀ lọ́la. Ẹni tí ó fún ọmọ ní fóònù, tí ó sì ń béèrè ara rẹ̀ ní ìdápadà, òwò ni ó ń ṣe, kì í ṣe ìfẹ́.

Èkejì: Kí ó lè kọ̀. A ti kọ́ ọmọ láti kúnlẹ̀ fún àgbà, àti láti má ṣe gbó wọn lẹ́nu. Ìwà rere ni èyí, ṣùgbọ́n àgbà búburú a máa fi í ṣe ìdẹkùn. Nítorí náà, kí òbí ṣe bí ẹni tí ń tan ọmọ, kí ọmọ sì dáhùn sókè pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, èmi kò ní wọ yàrá yín,” kí ó sì dìde kúrò. Ohun tí ẹnu kò sọ rí nílé, ó ṣòro fún un láti sọ nínú ìbẹ̀rù. Kí a kọ́ ọmọkùnrin pẹ̀lú pé, bí ọmọbìnrin bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀kẹta: Kí ó mọ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin lè lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́. Egungun ìdí rẹ̀ lè má tíì gbòòrò tó. Bí ọmọ bá há níbi ìrọbí fún ọjọ́ púpọ̀, àpò ìtọ̀ lè lu, ìtọ̀ yóò sì máa dà láìdúró. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ojú mọ ẹni tí ó ní kòkòrò HIV. Àyẹ̀wò ni ó ń fi í hàn.

Ẹ̀kẹrin: Kí ó mọ ẹni tí yóò sá tọ̀. Kí ó mọ nọ́ńbà fóònù àgbà mẹ́ta sórí, kí owó ọkọ̀ tí yóò gbé e padà wálé sì wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá bá a lò, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kánkán: oògùn tí ó ń dí HIV lọ́nà wà, ṣùgbọ́n a ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá. Kí a má ṣe bá ọmọ náà wí. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí ọmọ ṣì ń bá wa ro oko, kí a má ṣe dúró di alẹ́ ọjọ́ tí ó ń di ẹrù.