Iná Ẹ̀yín Méjì

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jòhánù 18:15–27, 21:1–17

Ní àkókò ayẹyẹ bí irú èyí, ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́. A ó rántí agogo òwúrọ̀, ẹ̀wà tí kò jinná, àti orúkọ ìnagijẹ tí a sọ olùkọ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n a ti kíyè sí i pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni a ń fọ ìrántí wọ̀nyí mọ́, títí gbogbo olùkọ́ fi di ẹni mímọ́, tí àwa náà sì di ọmọ tí kò ṣẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Pétérù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Jòhánù dárúkọ iná ẹ̀yín nínú Ìhìn Rere rẹ̀. Nídìí èkíní, ní àgbàlá olórí àlùfáà, ni Pétérù ti ń yáná lálẹ́ ọjọ́ tí ó sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Jésù fúnra rẹ̀ ni ó dá èkejì sí etí òkun Tìbéríà, tí ó sì fi ẹja lé e lórí. Kò dájú pé òórùn èéfín yẹn ṣàjèjì sí Pétérù. Olúwa kò pa ìrántí náà rẹ́. Ó pè é wá jẹun nídìí rẹ̀, ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Orúkọ ẹni yìí ni àwọn baba wa fi pe ìjọ Aké.

Ó yẹ kí a ka ìtàn àwọn baba náà bákan náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta. Kí oṣù náà tó parí, Crowther rí Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. Títí di òní, a kì í sọ ìtàn yìí kí ojú má ṣomi. Townsend náà ṣiṣẹ́ takuntakun. Òun ni ó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859. Síbẹ̀ òun kan náà ni ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù láti takò ó pé kí a fi ọmọ ilẹ̀ wa jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi Crowther jẹ ẹ́ ní 1864. Àwọn kan fẹ́ kí a fo ìyẹn nígbà ayẹyẹ. Àwọn mìíràn fẹ́ kí a torí rẹ̀ kọ Townsend sílẹ̀ pátápátá. Àwa kò bá apá kankan lọ.

Ó ní ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, a sọ òkò sí máńgòrò, ó sì fọ́ gíláàsì fèrèsé kíláàsì. Ọ̀rẹ́ wa kan ni wọ́n mú. Olùkọ́ kò wádìí, àwa kò jẹ́wọ́, ó sì jẹ ẹgba mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń di gbogbo ẹ̀bi náà ru olùkọ́ yẹn. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wàásù lórí Pétérù ni ohùn wa há lọ́fun. A wá ọ̀rẹ́ wa lọ, a sì jẹ́wọ́ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. “Àlùfáà, mo rí ọ nígbà tí o sọ ọ́.”

A bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó ní ẹ̀rù ló hàn lójú wa jù tirẹ̀ lọ. Nígbà náà ni ó sọ ohun tí a kò mọ̀ rí: pé olùkọ́ tí ó nà án láìwádìí yẹn ni ó san owó ìdánwò àṣejáde fún un, nígbà tí kò sí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa ti lọ sinmi báyìí. Igi máńgòrò náà ṣì wà. Bí a bá kọjá lábẹ́ rẹ̀, a máa ń rántí ẹgba mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.