Mustang, Camaro àbí Challenger: Èwo Ló Ṣeé Rà?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àríyànjiyàn lórí àwọn ọkọ̀ alágbára ilẹ̀ Amẹ́ríkà ò jẹ́ ká gbádùn ní kíláàsì. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tiẹ̀ bá ń pariwo jù ló máa ń rò pé òun ti borí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń tà á, ibi tí ọmọ máa jókòó sí, tàbí bóyá wọ́n tiẹ̀ ṣì ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń pè ní muscle car? Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni, tí iye ẹ̀ ò kọjá agbára òṣìṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú ẹ̀, pàápàá V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ. Ford gbé Mustang jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1964, owó ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti $2,368. Chevrolet fi Camaro ti ọdún 1967 dá a lóhùn, Dodge náà gbé Challenger ti 1970 dé. Àwọn kan á ní pony car ni Mustang, pé kì í ṣe muscle car. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná.

Ọdún 2023 ni mo fi wọn owó, torí ọdún yẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jọ wà lórí àtẹ. Camaro àti Mustang tó rọjú jù lọ ò tó $30,000. Challenger fi díẹ̀ lé ní $30,000. Àmọ́ kẹ́ ẹ má sáré o: àwọn tó rọjú yẹn kì í ṣe V8. Sílíńdà mẹ́rin ni ti Mustang àti Camaro, mẹ́fà ni ti Challenger. Ẹni tó bá fẹ́ V8 á kó owó tó sún mọ́ $40,000 sílẹ̀. Nígbà tí Mustang tuntun sì dé fún 2024, V8 ẹ̀ ti ju $41,000 lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Láti 1958 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ìwé owó wà lójú fèrèsé ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan. Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney láti Oklahoma ló gbé e kalẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ìwé náà dòní. Ṣùgbọ́n iye tó wà lára ẹ̀, àbá ni, kì í ṣe àṣẹ. Dílà tó ń ta ọkọ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ Ford tàbí Dodge, oníṣòwò aládàáni ni. Bí ọjà bá wọ́n, ó lè bu owó lé e. Nígbà tí Dodge fẹ́ ta Demon 170, Challenger tó ní horsepower 1,025, iye tí wọ́n kọ sí i lára ni $96,666. Ilé-iṣẹ́ náà wá kéde pé dílà tí kò bá ta á ju iye yẹn lọ làwọn máa kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ fún. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ṣe ọjà ló ń fi oyin tan ẹni tó ń bá a tà á!

Lórí ìlò, bọ̀dá mi kan tí wọ́n ń gbé ní Houston ló jẹ́ kí n wádìí dáadáa. Wọ́n fẹ́ ra ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, wọ́n sì ní ọmọ kékeré kan. Èèyàn márùn-ún ni Challenger ń gbà, àwọn méjì yòókù ń gba mẹ́rin. Bùútù Challenger tó lítà 460, ti Mustang tó 380, ti Camaro ò ju 260 lọ. Ká fi kẹ́ẹ̀gì òróró onílítà 25 wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì 18 fún Challenger, 15 fún Mustang, 10 péré fún Camaro. (Ìwọ̀n inú ẹ̀ ni mò ń sọ o, kẹ́ má lọ máa to kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀ olówó.) Fèrèsé Camaro kéré débi pé awakọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀yìn, orúnkún àgbàlagbà ò sì ríbi wọ̀ lẹ́yìn ìjókòó iwájú. Challenger fẹ̀, àmọ́ ó gùn tó mítà márùn-ún, wàhálà ni láti páàkì.

Ti epo náà ńkọ́? Mustang onísílíńdà mẹ́rin ti 2024 ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 26, V8 ẹ̀ ń rin nǹkan bíi 18. Nínú máìlì 1,000, ọ̀kan á jẹ gálọ́ọ̀nù 38, èkejì á jẹ 55 ó lé.

Ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n ò jìnnà. Ford àti Chevrolet ní dílà tó sún mọ́ 3,000 lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri Amẹ́ríkà, Dodge sì sábà máa ń bá Jeep àti Ram gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Ọjà gan-an ló tán. Ní ìparí 2023 ni wọ́n ṣe Challenger ìkẹyìn ní Brampton, ní Kánádà, Camaro náà sì kógbá wọlé ní Lansing, ní Michigan, ní nǹkan bí àkókò kan náà. Mustang nìkan ni dílà ṣì lè bá èèyàn bèèrè fún láti ilé-iṣẹ́. Charger ni Dodge fi rọ́pò: oníná ló kọ́kọ́ dé, kí onípẹtiróòlù sílíńdà mẹ́fà tó tẹ̀ lé e.

Tó bá jẹ́ èmi ni bọ̀dá mi, Challenger àlòkù onísílíńdà mẹ́fà ni màá rà. Wọ́n ní àwọn ò lè ra ohun tí kì í ṣe V8 láéláé. Kò burú, irú V8 onílítà 5.7 ti Challenger wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù Ram náà, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n ò ní wọ́n. Mo ti ní kí wọ́n fi nọ́ńbà VIN ọkọ̀ náà wádìí lọ́dọ̀ àjọ NHTSA, ọ̀fẹ́ ni, bóyá àbùkù kan wà tí wọ́n pè é padà fún tí wọn ò tíì tún ṣe. Mo sì ní kí wọ́n gbé ìjókòó ọmọ náà dání lọ sọ́dọ̀ dílà, kí wọ́n fi sẹ́yìn ọkọ̀ wò, kí wọ́n tó dá owó kankan.