Abẹ́òkúta Láti Ìrọ̀lẹ́ Títí Di Alẹ́

Ẹni tó bá ń wá àpáta òkúta ẹfun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ewékorò ni yóò lọ, lójú ọ̀nà Èkó. Láti 1960 ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta ibẹ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkun ti bo ilẹ̀ náà rí láyé àtijọ́, ìyẹn ni ìkarahun ẹran omi fi ń jáde nínú òkúta ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Kòtò jíjìn àti ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ibẹ̀. Ẹ má dé ibẹ̀ lálẹ́ rárá.

Ní ti Abẹ́òkúta, gíráníìtì ni àpáta rẹ̀, odò Ògùn sì ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú. Abẹ́òkúta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo ìrọ̀lẹ́ yín, pàápàá ní oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí ooru kì í jẹ́ kí èèyàn tètè sùn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọjà Ìtòkú, torí àwọn oníṣòwò kì í dúró pẹ́ lálẹ́. Kí ẹ dúnàádúrà dáadáa o. Àwọn ìyá ọjà kò ní bínú, wọ́n tiẹ̀ ń retí rẹ̀ ni. Agogo mẹ́rin ni kí ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà àpáta Olúmọ, torí wọn kì í jẹ́ kí àlejò gùn ún lálẹ́. Kó tó di àsìkò yẹn, òkúta náà á ti gbóná débi pé bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní gbà yín, ẹ wọ èyí tó nípọn, tí kì í yọ̀. Ìjọba fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn ló dájú.

Abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní 1830. Ihò kéékèèké tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lójú òkúta, ẹ ní kí amọ̀nà fi hàn yín, kí ẹ sì ti bá a sọ̀rọ̀ owó tẹ́lẹ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹni tí kò bá tọrọ, bí wọ́n bá lé e, kó má fi ṣe ìbínú.

Orí Olúmọ ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Ẹ jókòó síbẹ̀ kí oòrùn máa wọ̀. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà ló máa kọ́kọ́ gba ojú yín, lẹ́yìn rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Aké, kí ojú yín tó kan odò Ògùn lápá ìwọ̀-oòrùn. Apá ibẹ̀ náà ni ogun Dáhòmì ti wá ní 1851 àti 1864, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé yín dé Láfẹ́ńwá lẹ́bàá odò. Ẹ wo omi náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má dúró lórí afárá, ọkọ̀ kò ní yà fún yín. Ẹ má sì wọ ọkọ̀ ojú omi ẹnikẹ́ni lálẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta máa ń yọrí nínú odò. Ní òjò, omi á kún, á pọ́n. Lókè Abẹ́òkúta ni odò Ọ̀yán ti ń wọnú Ògùn, wọ́n sì dí Ọ̀yán ní 1983. Bí wọ́n bá tú omi ìdídò náà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, odò lè kún láìjẹ́ pé òjò rọ̀ níbi tí ẹ wà.

Oúnjẹ alẹ́ ńkọ́? Láfún ni. Ìrẹsì ọ̀fadà dára, ó sì wà káàkiri, ṣùgbọ́n láfún gbígbóná pẹ̀lú ewédú ni àwọn onílé ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran sísun kó lọ sí Sábó.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èbúté-Mẹ́ta ń dúró ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká, tó jìnnà sí àárín ìlú, ẹ fi owó takisí sí ìṣirò. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé; bí ẹ bá fẹ́ dúró di alẹ́, ẹ ti gba yàrá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ẹ padà lówùúrọ̀.