Àlejò Tó Fẹ́ Fi Ojú Rẹ̀ Ríran

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò fi bú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé ojú tuntun lè là rangandan kó má mọ ọ̀nà odò yàtọ̀ sí ọ̀nà igbó orò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ó forí jì í. Ti àwa tí a ti pẹ́ ní Ìlú Ọba ló ń dùn mí. Ẹnìkan á jókòó sí Peckham tàbí Woolwich, á mọ iye tí wọ́n ń ta lítà epo ní Ìbàdàn láàárọ̀ yìí, á mọ ẹni tó ń bá gómìnà fa wàhálà, á sì máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ìdìbò 2027 títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ bi í pé kí ni ìjọba ìlú tó ń gbé ṣe sí òfin físà lọ́dún yìí, á ní òun kì í dá sí òṣèlú òyìnbó. Òṣèlú òyìnbó ní tirẹ̀ ń dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, kò sì sí ọmọ Yorùbá gidi tí ìròyìn Nàìjíríà kì í gbé lọ́kàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìròyìn ìlú tí a ń gbé ló ń pinnu bóyá a ó rí owó fi ránṣẹ́ sílé, bóyá ìyàwó á wá, bóyá ọmọ á dúró.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì péré. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìlú Ọba fòfin dè é pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá kàwé máa mú aya, ọkọ tàbí ọmọ bọ̀, àfi àwọn tó wá fún iṣẹ́ ìwádìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, wọ́n ti ilẹ̀kùn kan náà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kíà, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, owó tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dún kí físà iṣẹ́ tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́ fò láti £26,200 sí £38,700. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, ó ti di £41,700, wọ́n sì ti dá gbígba òṣìṣẹ́ kíà tuntun láti òkè òkun dúró.

Ọ̀pọ̀ ìdílé nílé ló ta ilẹ̀ àti mọ́tò lórí ìlérí tí òfin wọ̀nyí sọ di òfo. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó já lù wá láti ojú ọ̀run. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti kéde ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ti kíà, oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní gbangba nílé aṣòfin. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òṣìṣẹ́ kíà tó gbọ́ ìkéde náà tó sì yára kọ̀wé béèrè físà kí ọjọ́ 11 oṣù kẹta tó pé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aya rẹ̀ wá. Èyí tó kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì, orí fóònù ló ti ń wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń hu eyín.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kó lọ béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ìníṣà tàbí Ọ̀fà. Àwọn baba wa ti ń ná ọjà Kumasi, Tamale àti Accra láti ayé ìjọba amúnisìn, nígbà tí Gold Coast àti Nàìjíríà jọ wà lábẹ́ òyìnbó kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ìwé. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bí ọmọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ. Gánà gba òmìnira ní 1957, ìwé ìgbélùú wá di nǹkan tí òfin ń béèrè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà á. Ta ni yóò bi wọ́n? Gbogbo ọjà ló mọ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gbà á tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ìsọ̀ tí ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ọjà sí, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, ó wọlẹ̀. Ọkọ̀ ń kó wọn gba Tógò àti Dàhòmì wálé, àwọn ọmọ inú ọkọ̀ sì ń bi ìyá wọn léèrè ibi tí wọ́n ń pè nílé.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí báàgì tí wọ́n fi kẹ́rù ń jẹ́ títí dòní. Mo mẹ́nu kan méjèèjì nítorí pé kò yẹ ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọ̀ funfun ló ń lé àlejò. Ìlú tí ọrọ̀ ajé rẹ̀ bá ń wó, àlejò ló kọ́kọ́ máa ń rántí.

Ìlú Ọba náà ti ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ọkọ̀ Empire Windrush gbé dé Tilbury ní oṣù kẹfà ọdún 1948, àti àwọn tó tẹ̀lé wọn láti Jàmáíkà àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀, ẹ̀tọ́ ni wọ́n fi wọ̀lú. Nígbà tó di 2018, ayé gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, pé ọsibítù kọ̀ láti tọ́jú àwọn kan, pé wọ́n ti dá àwọn mìíràn padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò ní kékeré, torí pé wọn kò rí ìwé tí yóò jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ wọn. Káàdì tí wọ́n fi forúkọ wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Home Office ti kó o dànù ní 2010. Àgbà tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ẹ tọ́jú ìwé yín, mo bẹ̀ yín. Ìwé owó oṣù, lẹ́tà council, lẹ́tà ilé ìwé ọmọ, lẹ́tà dókítà, ìwé ilé tí ẹ háyà: ẹ má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ tàbí lọ́dọ̀ lọ́yà nìkan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ sí ibi méjì. Físà gan-an ti kúrò lára káàdì, ó ti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìparí ọdún 2024. Nítorí náà, bí ẹ bá gba páásípọ́ọ̀tù tuntun tàbí ẹ yí nọ́ńbà fóònù padà, ẹ tètè lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ níbẹ̀, kó má baà di pé pápákọ̀ òfuurufú ni ẹ ó ti mọ̀ pé orúkọ yín kò bá ìwé yín mu. Ẹni tó bá kọ̀wé láti fi kún ọjọ́ físà rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní Ìlú Ọba kí èsì tó dé, bí ó ti wù kí ayẹyẹ ilé dùn tó. Tó bá jáde, wọ́n á kà á sí pé ó ti fa ìwé náà padà. Ẹni tó sì ń dúró de ìwé ìgbélùú pípẹ́ nípasẹ̀ físà iṣẹ́, kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn odi fún ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù méjìlá kankan. Mo mọ̀ pé òkú òbí kì í dúró de òfin. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ènìyàn ṣọ́ ọjọ́ rẹ̀ ná kí ọ̀ràn pàjáwìrì tó dé, kó má lò ó tán lórí ìnáwó àwọn ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tún gba àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ tí wọ́n bí sí ọsibítù ní London ti di ọmọ ìlú nìyẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tàbí kó ti ní ìwé ìgbélùú pípẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ. Bí òbí bá gba ìwé náà lẹ́yìn ìbí, ó lè forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọmọ tó bá sì ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dìgbà tó fẹ́ wọ yunifásítì kí ẹ tó wá a. Ẹ sì gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un pẹ̀lú, nítorí òfin ọdún 1999 ka ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sí ọmọ onílùú, ibikíbi tí wọ́n bí i sí. Ní ti ìtọ́sọ́nà, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mi ò sì gbà pé ká fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n ẹgba ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ní Scotland láti 2020 àti ní Wales láti 2022. Ọ̀rọ̀ ẹnu, àpẹẹrẹ rere àti èdè Yorùbá tí a ń sọ sí ọmọ létí láràárọ̀ ń kọ́ ọmọ ju ẹgba lọ, ó sì yẹ ká ti máa lò wọ́n kí òfin tó fi dandan mú wa.

Nípa owó, ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn ará ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí ₦460, tó kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ará ilé rò pé pọ́n-ùn wa ti di wúrà. Wọn kò mọ̀ pé kí ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó gba físà ọdún mẹ́ta, wọn á kọ́kọ́ san £1,035 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan nítorí ìlera, ìyẹn £6,210, yàtọ̀ sí owó físà fúnra rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe àbúrò mẹ́wàá láti wá béèrè owó ilé ìwé. Ẹ yan iye kan tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́, kí ẹ sọ iye náà fún bàbá àti ìyá, kí ẹ sì dúró lé e.

Ara náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ní oṣù kejìlá, oòrùn London máa ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, àwọ̀ dúdú wa kì í sì í rí ìtànṣán tó tó. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí àwa adúláwọ̀ ronú nípa lílo máíkírógíráàmù mẹ́wàá fítámì D lójoojúmọ́ yípo ọdún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò lọ́sẹ̀ tí ẹ bá dé. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kò sì ní dá yín padà nítorí físà.

Mo wá dé orí ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọbìnrin kékeré ní Southport lópin oṣù keje ọdún 2024, àwọn jàǹdùkú fi irọ́ pé aṣíwọ̀lú ló ṣe é ru ìlú sókè. Wọ́n kọlu mọ́sáláṣí, wọ́n fẹ́ dáná sun ilé ìtura tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi wà ní ìtòsí Rotherham. Ọ̀pọ̀ nínú wa tilẹ̀kùn mọ́rí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, òyìnbó àti dúdú, tú jáde ní Walthamstow àti ní àwọn ìlú mìíràn láti sọ pé àwọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Onílé kò ní ọkàn kan ṣoṣo sí àlejò. Iṣẹ́ wa ni láti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn wa, ká sì dúró tì í. Kò sì tó pé ẹ̀jẹ̀ wa wà nípò gíga: Kemi Badenoch tó gbé ní Èkó nígbà èwe di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lábẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà sì ti sọ pé ọdún mẹ́wàá ni kí àlejò máa dúró kó tó gba ìwé ìgbélùú pípẹ́. Ìjọba Labour náà gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹgbẹ́ méjèèjì ń wo ibi tí ìbò wà.

Ìbò náà wà lọ́wọ́ wa, a kò lò ó. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ń gbé Ìlú Ọba pẹ̀lú físà tó pé, lè dìbò níbẹ̀, láti orí ìdìbò council dé orí ti ilé aṣòfin, láìjẹ́ pé ó di ọmọ ìlú. Ilé tí a ti wá kò tíì gbà wá láyè láti dìbò láti òkè òkun. Ibi tí a wà gbà wá láyè, a wá ń sọ pé kò kàn wá. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ̀yin ará mi, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní council yín. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín tó láti fi hàn ní ibùdó ìdìbò. Bí ẹ bá ti ṣe tiyín tán, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan kí òun náà lọ ṣe tirẹ̀.