ỌJỌ́ WO NI TÈMI? Ẹ̀kọ́ lórí ọjọ́ ìbí ọmọ nínú ilé tó kún

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti òṣùwọ̀n, kì í sì í ṣe ti àjọ dídá. Ti ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ó kan ọjà náà, torí ohun tó bá da ilé rú, kì í pẹ́ dé ìsọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí a bá ti jókòó sípàdé, ẹnì kan á dìde, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kó àjọ mi ṣáájú, mo fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ mi." Mi ò sọ pé kò dáa láti ṣe é. Èmi náà ti ṣe é rí. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi kọ́ ara mi àti ẹ̀yin náà lẹ́kọ̀ọ́.

Ní ìparí ọdún 2002, ọmọ mọ́kànlá ló wà nínú ilé wa. Márùn-ún jẹ́ ti ìyálé mi, mẹ́rin jẹ́ tèmi, méjì jẹ́ ti àbúrò ọkọ mi tó ti ṣaláìsí. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mo ní ọmọ tèmi náà gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti àwọn ọmọ olówó. Mo se ìrẹsì, mo ra kéèkì, mo pe onífọ́tò, mo háyà àga. Owó tí ǹ bá fi ra gàrí ni mo kó ná. Àwọn èèyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n kí mi kú oríire. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìsọ̀ mi ṣófo. Àwọn oníbàárà mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn kan nínú wọn ò sì padà mọ́ títí dòní.

Síbẹ̀, èyí kọ́ ló dùn mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ àbúrò ọkọ mi, obìnrin, tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń fọ àwo àlejò. Mo lọ gba ìkòkò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mọ́mì, ọjọ́ wo ni tèmi?"

Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Ọmọ tó ti wà lọ́dọ̀ mi láti kékeré! Mo mọ ìwọ̀n bàtà ẹ̀, mo mọ oúnjẹ tí kì í jẹ, mo mọ bí ikọ́ ẹ̀ ṣe ń dún lóru. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i.

ÀWỌN BABA WA Ń ṢE ỌJỌ́ ỌMỌ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò ka ọjọ́ ọmọ sí. Ìsọmọlórúkọ ni tiwọn. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Nígbà tó yá ni ọjọ́ kẹjọ di ti gbogbo ọmọ. Orúkọ náà sì ń sọ̀rọ̀. Abíọ́dún, àsìkò ọdún ni wọ́n bí i. Abọ́sẹ̀dé, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló wáyé. Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni ìyá ẹ̀ bí i sí. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í sọ iye ọdún. Abíọ́dún sọ pé nígbà ọdún ni, kò sọ ọdún wo.

Ẹ wo èmi alára. Ìyá mi ní lẹ́yìn tí mọ́tò yí ọwọ́ ni àwọn bí mi, owó tuntun kò tíì dé, iṣu tuntun sì ti wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn. Iṣu tuntun kì í sábà wọjà kó tó di oṣù keje. Ó wá hàn pé ọdún 1972 ni wọ́n bí mi, nígbà òjò. Ọjọ́ wo gan-an? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ kọjá lórí, kí n fi kan etí kejì. Ọwọ́ mi kàn án, wọ́n gbà mí wọlé. Tíṣà wá kọ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọjọ́ òmìnira, sí iwájú orúkọ mi. Àwa bíi mélòó kan nínú kíláàsì yẹn la jọ ni ọjọ́ náà, bí ẹni pé ilé kan ni wọ́n ti bí wa!

Ẹ tún wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́ tó wà nítòsí wa yìí. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ọdún 1933 ni òyìnbó ìjọ CMS kan tó ń jẹ́ Ramshaw ròyìn wọn fún ìjọba. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣe ilé fún wọn, òun sì ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A mọ ọdún tí òyìnbó dé ibẹ̀, a ò mọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ère. Kí ló fà á? Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a ò kọ ọjọ́ ẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò bá a yan ọjọ́.

BÍ A ṢE RÍ ỌJỌ́ ỌMỌ NÁÀ

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá ìyá ọkọ mi. Wọ́n rò ó títí, wọ́n ní, "Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ẹ̀ la lọ dìbò Abíọ́lá."

Inú mi dùn, torí ọjọ́ ìbò yẹn kò lè sọnù. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993 ni. Bí ìbò bá jẹ́ ọjọ́ kejì, a jẹ́ pé Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlá, ni wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ rántí pé ọjọ́ tí a bí ọmọ gan-an là ń kà ní ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ náà là ń sọ ọ́ lórúkọ. Mo bá kà á padà sẹ́yìn: Jímọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1993. Ẹ wá wo ọmọ náà nígbà tí mo sọ fún un! Ó sáré lọ sọ fún gbogbo ilé.

Ọ̀nà yìí lẹ lè gbà wá ọjọ́ ọmọ tàbí ti àgbà. Ẹ wá ohun ńlá kan tí gbogbo ayé mọ ọjọ́ ẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bóyá ọmọ ti wà tàbí kò tíì sí, kí ẹ wá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

ÌLÀNÀ TÍ A Ń LÒ NÍNÚ ILÉ WA

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ra ìwé kan, mo fi lílọ́ọ̀nù wé e. Ìyálé mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé nǹkan. Àwọn ló ń pè é, èmi ni mò ń kọ ọ́. Orúkọ ọmọ, ọjọ́, oṣù, ọdún, ibi tí wọ́n bí i sí, orúkọ ìyá àti baba. Ọmọ mọ́kànlá, ìlà mọ́kànlá.

2. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Láti ọdún 1992 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ tí a bá bí ní Nàìjíríà. Àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní NPC, ló ń fún ni. Bí ẹ bá lọ láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ bímọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ béèrè àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ti Irẹ́pọ̀dùn, Òmù-Àrán níbí ni olú ìlú ẹ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ tọ́jú méjèèjì.

3. Ẹ fún ọmọ ní ọjọ́ ẹ̀, ẹ má fi gbèsè ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí oorun tó dá lójú ẹ̀, a ó pè é ní oríkì ẹ̀, Àdùkẹ́ tàbí Àjàní, a ó gbàdúrà fún un. Kì í fọ àwo lọ́jọ́ yẹn, kì í pọnmi. Òun ló máa sọ ohun tí gbogbo ilé máa jẹ lálẹ́, nínú ohun tí agbára wa ká. Ọmọ kan ń mú iyán, òmíràn ń mú dòdò. Òun la ó kọ́kọ́ bù fún, ẹ̀gbẹ́ baba ẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò ju owó ọbẹ̀ ọjọ́ kan lọ. Bó bá ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń pín nǹkan nílé ìwé, ẹ dín pọfupọ́ọ̀fù fún un.

4. Bí ẹ bá fẹ́ àríyá, ẹ ṣe ọ̀kan fún gbogbo wọn. Ọmọ mọ́kànlá, oṣù méjìlá. Bí a bá ní ká máa ṣe àríyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ oṣooṣù. Ọjà wo ló máa dúró? Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún la mú, ọjọ́ àwọn ọmọdé, tó tún jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ lọ́dún 1967. Kò sílé ìwé, gbogbo wọn wà nílé. Ìkòkò ìrẹsì kan, kéèkì kan. A ó mú ìwé yẹn jáde, a ó ka orúkọ gbogbo wọn láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, a ó pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

5. Owó ọjà kì í ṣe owó àríyá. Ẹ ní kóló kan lọ́tọ̀. Díẹ̀ nínú èrè ni kí ẹ máa jù sí i, kì í ṣe nínú ojú owó. Ohun tí kóló bá ní lẹ máa ná. Bí kò bá ní púpọ̀, oríkì àti àdúrà kì í gbowó.

6. Ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ọmọ ìyàwó kejì, ọmọ ẹbí, èyí tí ń bá yín jókòó sísọ̀, gbogbo wọn ló ní ọjọ́. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọmọ tó bá ń fọ àwo àríyá ọmọ ẹlòmíràn lọ́dọọdún ń ka nǹkan sínú. Bó bá dàgbà tán, ohun tó kà náà ni yóò sọ.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí ti di ìyá ọmọ báyìí. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹfà, kí n tó dé ìsọ̀, mo ti pè é lórí fóònù, mo ti kì í. Lọ́dún kan mo pẹ́ díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló pè, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín lásán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA TÓ Ń BỌ̀

1. Ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yín? Mélòó lẹ lè dá ọjọ́ ìbí wọn mọ̀ láì wo ìwé?
2. Èwo nínú wọn ni kò tíì ní ìwé ẹ̀rí ìbí?
3. Ta ni àgbà tó lè rántí, tí ẹ ò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ tètè lọ o, àgbà kì í dúró deni.

Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ nínú wa, kó mú ìwé wá bá mi nísọ̀ lẹ́yìn ọjà. Kó máa pè é, n ó máa kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Èmi ni akọ̀wé yín.